Bí Ìgbín Bá Ń Fà: Kíkan Ọkọ̀ Àfàlẹ́yìn ní Dọpẹmu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a máa tẹ̀ lé e." Nínú gbogbo ẹ̀dá tí ń rìn lórí ilẹ̀, ìgbín kì í bẹ̀rù pé ilẹ̀ yóò ṣú òun sí ojú ọ̀nà, nítorí pé ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí náà ni ilé rẹ̀. Ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò tí ń ru ẹrù láti ìlú kan dé èkejì a máa ṣírò ìrìn wọn láti ibùsọ̀ dé ibùsọ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ tí wọn kò tíì dé ibi tí wọn yóò sùn, àyà wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í já, nítorí olè, ẹranko àti òjò.

Lónìí, ọkọ̀ ti sọ ọ̀nà jíjìn di nǹkan kékeré. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ń gbé wọn dé ibi tí kò sí ilé èrò. Awọnlẹ̀ tí ń wọn ilẹ̀ oko ńlá wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń sin oyin nínú igbó, àti ọ̀mọ̀wé tí ń wo ẹranko àti àwókù ìlú àtijọ́ ní Ọgbà Ìpamọ́ Ẹranko ti Ọ̀yọ́ Ilé, èyí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ di ọgbà ìjọba ní ọdún 1991. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe fara wé ìgbín, tí ó kan ilé kékeré lé ẹsẹ̀ méjì, tí ó sì so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ kí ó lè máa tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ àfàlẹ́yìn ni nǹkan náà.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1885, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gordon Stables mú kí ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kan ilé onígi kan fún òun lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. "Alárìnkiri" ni ìtumọ̀ orúkọ tí ó sọ ọ́. Ẹṣin méjì ni ó ń fà á, ó sì gbé e láti gúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé ìlú Inverness ní ilẹ̀ Scotland. Nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé, ó gba iṣẹ́ ẹṣin. Ní ọdún 1959 sí 1960, ará Amẹ́ríkà kan, Wally Byam, kó ọ̀wọ́ àwọn ènìyàn jọ. Olúkúlùkù wọn ń fi ọkọ̀ fa ilé onípáànù dídán lẹ́yìn, wọ́n sì gba orí ilẹ̀ Áfíríkà láti Cape Town ní ìsàlẹ̀ pátápátá títí dé Cairo ní òkè. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀nà ti rí nígbà náà yóò mọ̀ pé ìrìn àjò náà kì í ṣe eré.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kíkan ara ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ayé ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà, ẹ̀ńjìnnì àti sásí nìkan ni ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, pẹ̀lú orúkọ bíi Bedford àti Austin. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìbílẹ̀ ni wọ́n ń fi pákó kan ara wọn, tí wọ́n ń to bẹ́ǹṣì sí inú wọn, tí wọ́n sì ń kọ òwe sí iwájú wọn. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, mólùé gba ìgboro Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú mólùé wọ̀nyí, sásí ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 ni àwọn wẹ́dà rà, tí wọ́n fi irin àti páànù kan ara bọ́ọ̀sì lé lórí. Láti ọdún 2008, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá bọ́ọ̀sì ńlá tí ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, ni iyì mólùé ti ń dínkù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó kan mólùé kò kú. Ó kàn yí padà sí iṣẹ́ mìíràn ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wà ni Dọpẹmu, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Ìkẹjà àti Agége ti ń pàdé ara wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti wà ní àgbègbè Ìkẹjà láti ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Dunlop ti rọ táyà fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún kí ó tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní nǹkan bí ọdún 2008. Níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá bá wà, oníṣẹ́ ọwọ́ kì í jìnnà sí i. Nítorí náà ni ẹni tí ó bá ń kọjá ní Dọpẹmu ṣe ń gbọ́ ìró òòlù lórí irin, tí ó sì ń rí iná wẹ́dà tí ń tàn yẹ̀rì bí mànàmáná. Ìlẹ̀kùn, géètì àti ọ̀pá fèrèsé ni wọ́n ń jó jù. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ àfàlẹ́yìn, ìbáà jẹ́ láti fi gbé ẹ̀rọ amúnáwá tàbí láti sùn sínú rẹ̀, irú ọwọ́ wọn ni yóò wá.

Ohun èlò iṣẹ́ náà kì í sábà jẹ́ tuntun. Ásù ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń wá, pẹ̀lú sípíríǹgì pẹlẹbẹ rẹ̀, ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, níbi tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ pọ̀ sí bí ewé. Irin onígun àti páìpù onígun mẹ́rin wà ní Òwòdé Onírin. Òkòbàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ni wọ́n ti ń ra pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Nínú àwọn igi náà, àfárá fúyẹ́ ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú òjò, òpèpè sì wúwo ṣùgbọ́n ó lágbára. Ìrókò ni ikán kì í tètè rí jẹ. Oníṣẹ́ tí ó gbọ́n a fi àfárá ṣe ibi tí òjò kò dé, a sì fi igi líle ṣe ilẹ̀ àti ìgun.

Férémù ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ 200 sẹ̀ǹtímítà, tí fífẹ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 150, ọ̀gá wẹ́dà kì í jó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ fi iná díẹ̀ mú igun kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ó na okùn ìwọ̀n láti igun kan dé igun kejì tí ó dojú kọ ọ́. Bí ọ̀nà méjèèjì bá jẹ́ 250 sẹ̀ǹtímítà géérégé, férémù náà gún. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ó ti wọ́, a sì gbọdọ̀ fi òòlù dá a padà. Ọmọ ilé ìwé tí ó ti kọ́ ìṣirò igun mẹ́ta yóò rántí pé 150 lọ́nà 150 pẹ̀lú 200 lọ́nà 200 jẹ́ 62,500, èyí tí í ṣe 250 lọ́nà 250. Ọ̀gá wẹ́dà lè má mọ orúkọ Pythagoras, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìdí tí kò fi jó o pa lẹ́ẹ̀kan ni pé irin tí iná jó a máa sún kì bí ó bá ń tutù, a sì máa fa igun wọ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń jó díẹ̀ níhìn-ín, tí ó ń jó díẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ó ń fún irin láàyè láti sinmi.

Ewu kan wà ní ìdí iṣẹ́ yìí tí kò yẹ kí a fojú fò. Ìmọ́lẹ̀ iná wẹ́dà a máa jó ẹyinjú. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wò ó láìfi agbòjú bò ó lè má mọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Ní òru ni ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé iyanrìn kún inú rẹ̀. Agbòjú kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ọ̀gá nìkan. Ẹni gbogbo tí ó bá dúró ti iná ni ó yẹ kí ó ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn férémù ni ọ̀rọ̀ ibi tí ásù yóò wà. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, ìṣìṣe náà a sì máa pa ènìyàn. Ojú ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé agbedeméjì gan-an ni ó yẹ kí ásù wà, kí ẹrù lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n alámọláńkẹ́ inú ọjà mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọláńkẹ́ náà ní, orí ásù ọkọ̀ àtijọ́ ni òun náà jókòó lé. Bí ẹni tí ń tì í bá di ìrẹsì tàbí sìmẹ́ǹtì púpọ̀ jù sí òdìkejì ọ̀pá ìdìmú, ọ̀pá náà yóò fò sókè, yóò sì fẹ́ gbé e kúrò nílẹ̀. Bí ó bá di púpọ̀ jù sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, apá yóò ro ó kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ohun tí ó ń wá ni kí ọ̀pá ìdìmú wúwo díẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀, kí ó má sì wúwo jù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ àfàlẹ́yìn. Orí ọ̀pá ìfà rẹ̀ gbọdọ̀ wúwo díẹ̀ lórí ìdí ọkọ̀ tí ń fà á. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìwúwo rẹ̀ dára, bí kò bá ti ju ohun tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà gbà láàyè lọ. Nítorí náà ẹ̀yìn agbedeméjì ni wọ́n ń fi ásù sí. Jẹ́ kí a sọ pé gbogbo ìwúwo jẹ́ 600 kílógíráàmù tí ó tàn kálẹ̀ dọ́gba, pé ásù wà ní 20 sẹ̀ǹtímítà lẹ́yìn agbedeméjì, àti pé láti ásù dé ibi ìsopọ̀ jẹ́ 250 sẹ̀ǹtímítà. Ìwúwo tí yóò sinmi lórí ìdí ọkọ̀ ni 600 lọ́nà 20, tí a pín sí ọ̀nà 250. Èyí jẹ́ 48 kílógíráàmù. Wàyí o, ẹni tí ń lọ sí igbó yóò gbé omi. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì tí ó gba lítà 25 lọ́kọ̀ọ̀kan wúwo tó 50 kílógíráàmù. Bí ó bá gbé wọn sí ẹ̀yìn pátápátá, ní 80 sẹ̀ǹtímítà lẹ́yìn ásù, wọn yóò gbé 16 kúrò nínú 48, yóò sì ku 32 péré. Bí ó bá gbé wọn sí iwájú pátápátá, ní 100 sẹ̀ǹtímítà níwájú ásù, wọn yóò fi 20 kún un, yóò di 68. Omi kan náà ni, kẹ́ẹ̀gì kan náà ni, ibi tí a gbé e sí ni ó yàtọ̀.

Kí ni ó burú nínú kí orí ọ̀pá ìfà fúyẹ́? Lójú ọ̀nà ọ̀dà, bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ọkọ̀ àfàlẹ́yìn tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo a bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ajá. Bí ó ti ń fì ni yóò máa gba ọkọ̀ iwájú mọ́ra, títí awakọ̀ kò fi ní lè tọ́ ọ mọ́. Awakọ̀ tí kò mọ̀ yóò tẹ bíréèkì lójijì tàbí kí ó tún sáré sí i. Ìdákúdàá ni méjèèjì. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó di ìdarí mú ṣinṣin, kí ó sì jẹ́ kí eré náà kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó dúró, kí ó tún ẹrù rẹ̀ tò.

Ibi ìsopọ̀ náà ní àṣírí tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin ni ó wà ní ìdí ọkọ̀, ihò tí ó bò ó sì wà lórí ọ̀pá ìfà. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò ti ilẹ̀ kan náà wá, nítorí náà bọ́ọ̀lù wọn kò dọ́gba. Òmíràn jẹ́ 50 mílímítà, òmíràn jẹ́ íǹṣì 2, òmíràn sì kéré sí i. Ihò íǹṣì 2 lè bo bọ́ọ̀lù tí ó kéré sí i, kí ojú sì rí i pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n kòtò kan ṣoṣo tó láti já a sílẹ̀. Nítorí èyí ni oníṣẹ́ rere ṣe ń wọn bọ́ọ̀lù kí ó tó jó ihò rẹ̀, tí ó sì tún ń fi ẹ̀wọ̀n méjì kọ́ ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, tí ẹ̀wọ̀n náà dábùú ara wọn lábẹ́ ọ̀pá ìfà. Bí bọ́ọ̀lù bá já, orí àgbélébùú ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pá ìfà yóò bọ́ sí, kò ní gún ilẹ̀, kò sì ní sá lọ bá ẹlẹ́ṣin tàbí alùpùpù tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọkọ̀ tí yóò wọ inú igbó tún fẹ́ ìtọ́jú ju ti ojú ọ̀dà lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbọdọ̀ ga sókè. Bí wọ́n bá gbé sípíríǹgì lé orí ásù dípò kí wọ́n so ó mọ́ abẹ́ rẹ̀, férémù yóò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kùkùté yóò sì kọjá lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, àlàfo tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọdọ̀ bá ti ọkọ̀ iwájú dọ́gba, kí ó lè máa tẹ ojú ipa kan náà nínú ẹrẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, ńṣe ni yóò máa la ipa tuntun fúnra rẹ̀, ọkọ̀ iwájú yóò sì máa ṣiṣẹ́ méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dára kí táyà méjèèjì jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ti ọkọ̀ iwájú, kí táyà àfirọ́pò kan lè tó gbogbo wọn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, a gbọdọ̀ gé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ó má baà máa wọ́ ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń jáde láti inú odò.

Ti táyà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ojú táyà lè jinlẹ̀ bí tuntun kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó, nítorí pé ọjọ́ orí a máa pa rọ́bà bí ìrìn ti ń pa á. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, kò yéé kìlọ̀ nípa táyà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí táyà kí ó wá nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n rọ ọ́. Ẹni tí ó mọ èyí, kò sí oníṣòwò tí yóò fi ọ̀dà dúdú tàn án jẹ.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Pákó ni yóò fi ṣe ilẹ̀ àti ibùsùn, páànù fífẹ́lẹ́ ni yóò fi bo ara, tápólì tí òjò kì í wọ̀ ni yóò sì ta sí ẹ̀gbẹ́ fún ojú òde tí wọn yóò ti máa dáná. Fèrèsé gbọdọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, nẹ́ẹ̀tì gbọdọ̀ wà lójú wọn nítorí ẹ̀fọn àti ibà. Ìmọ̀ràn kan sì wà tí ó ju gbogbo èyí lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò èédú tàbí ẹ̀rọ amúnáwá tí ń ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde láti inú wọn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Kì í jí ẹni tí ó bá bá lójú oorun, ńṣe ni yóò sọ oorun náà di àsùn-ùn-jí.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, iná pupa wà ní ẹ̀yìn, àwo tí ń dán nínú òkùnkùn sì wà ní ìgun méjèèjì, awakọ̀ ni ó kù kí ó kọ́ ẹ̀kọ́. Lílọ síwájú kò ṣòro. Ìfàsẹ́yìn ni ìdánwò. Bí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ àfàlẹ́yìn lọ sí ọ̀tún, òsì ni yóò kọ́kọ́ yí ìdarí sí. Ọ̀pọ̀ àgbà awakọ̀ ni ó ti dójú ti níwájú ọmọdé nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, pápá gbalasa ni ó yẹ kí a ti kọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọjà.

Ẹni tí ó bá ro gbogbo èyí yóò rí i pé ọkọ̀ àfàlẹ́yìn kékeré kan ní ìṣirò, ìmọ̀ nípa igi, ìmọ̀ nípa irin àti ìfẹ́ ọmọnìkejì nínú. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá bèèrè pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ásù kò fi sí láàárín?" ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀gá, yálà ó ti gba òmìnira tàbí kò tíì gbà á. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá lè fi ìṣirò inú ìwé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà kò kàwé lásán. Inú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ọwọ́ àti ìmọ̀ ìwé ti ń pàdé. Ìgbín kò kọ́ bí a ti ń gbé ilé rìn, a dá a mọ́ ọn ni. Ènìyàn ni ó ní láti wọn irin kí ó tó jó o, kí ó wo táyà kí ó tó rà á, kí ó sì di ẹrù rẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ilé tí ó ń fà lẹ́yìn má baà di ohun tí yóò gba ilé rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀.